Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ìwé praifẹ́ẹ̀tì ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ jẹ́ kí ẹdimásítà ṣe ẹdimásítà

Ẹ̀yin bàbá àti màmá wa tí ẹ dá ilé-ìwé sílẹ̀ káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́, láti Takie lọ dé Under G, láti Sábó títí kan àwọn tó wà lọ́nà Ìlọrin lọ́hùn-ún, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà àwa òbí. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí máa dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ rí i fúnra yín, ẹnìkan á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn tíṣà, wọ́n á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn ti rí i. Ìyẹn gan-an wà lára ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Aṣọ ni mò ń tà. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, sùkúù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, praifẹ́ẹ̀tì sì ni méjèèjì. Mi ò ní dárúkọ ìkankan, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pé ẹ fẹ́ wádìí, torí nígbàkígbà tí mo bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kálukú àwọn oníbàárà mi ló máa ń ní "Àbí ibi tọ́mọ tèmi wà lọmọ tiyín náà wà ni?" Èyí tó ń gbé Arówómọlé á ní sùkúù àwọn ni mò ń bá wí, èyí tó ń gbé Adéníkẹ̀ẹ́ á ní rárá o, tàwọn ni.

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹdimásítà ṣe ẹdimásítà, kí ẹ sì jẹ́ kí tíṣà dúró. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí, ẹ̀ka ọ̀rọ̀ yẹn náà ni.

Ní táàmù tó kọjá, ilé-ìwé ọmọ mi àárín pè wá pé ká wá wo ìwé àwọn ọmọ. Primary 4 ló wà. Mo mú nóòtù Basic Science ẹ̀. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ, ẹni tó ń máàkì ẹ̀ ń fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tọ́mọ bá ṣì kọ, á wá kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á kọ déètì, á ní kó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta sísàlẹ̀, ọmọ á sì tún un kọ. Mo ń ṣí i lọ, inú mi ń dùn. Nígbà tó yá, ọwọ́ ìkọ̀wé yí padà, ẹni tó gbà á kàn ń kọ "good" gàdàgbà sí ìdí gbogbo iṣẹ́ ni. Ọmọ kọ "the hart pump blod", ó kọ "good" sí i. Mo tún ṣí i síwájú, báírò dúdú ló kàn, ẹni yẹn ò kọ nǹkan kan, ó kàn ń fa tíìkì gùn-ún-gùn-ùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Lẹ́yìn mid-term, kò sí nǹkan kan mọ́. Ọmọ ń kọ nóòtù lọ ní tiẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó. Táàmù kan ṣoṣo nìyẹn o.

Mo bi í pé ta ní ń kọ́ yín ní Basic Science báyìí. Ó ní "Anti Primary 3 ni, wọ́n á wá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á ní ká dà á kọ, wọ́n á padà sí kíláàsì wọn."

Mo bá lọ sí ọ́fíìsì ẹdimásítà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni tó níwà. Mo gbé nóòtù náà sí i níwájú. Ó ṣí i wò, ó ṣí i wò, ó pa á dé. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá ní "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá Dádì sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin òbí lẹ sọ ọ́, wọ́n lè gbọ́."

Dádì tó ń wí yẹn, ẹ̀yin ni. Ẹni tí wọ́n kọ "Head Teacher" sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀, òun ló ń bẹ òbí pé kó bá òun sọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun. Kò lè gba tíṣà síṣẹ́. Bí tíṣà bá ń ṣe iṣẹ́kíṣẹ́, kò lè sọ pé ó yá, máa lọ. Bí ọmọ ò bá yege, kò lè ní kó tún kíláàsì kà. Máàkà tí wọ́n fi ń kọ bọ́ọ̀dù gan-an, inú kọ́bọ́ọ̀dù Dádì ló wà, Dádì ló sì ní kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ tí Dádì bá lọ sí Ìbàdàn, ẹ ó máa wo bọ́ọ̀dù funfun ni. Mi ò bù mọ́ ọn o, ọmọ mi ló sọ fún mi, ọmọdé kì í ronú pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìwé kì í ṣe búkà tó jẹ́ pé bí ẹni tó ń rokà ò bá wá lónìí, ẹni tó ń fọ abọ́ á gba orógùn. Èèyàn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní ìwé kíkà yàtọ̀ séèyàn tó mọ ìwé kà. Ẹ̀yin tí ẹ dá a sílẹ̀ mọ ìyẹn, púpọ̀ nínú yín ti ṣe tíṣà rí, ẹlòmíì nínú yín ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà ìjọba kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yà mí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó báyìí, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

Mo pàdé tíṣà tó ń fi báírò pupa máàkì yẹn. Ẹ̀gbẹ́ títì ní Caretaker ló wà, ó jókòó sábẹ́ ambùrẹ́là, ó ń ṣe POS. Ó dá mi mọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó béèrè ọmọ mi, ó tiẹ̀ rántí pé kì í fẹ́ jẹun tó bá ti ń jó ijó lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní 28,000 náírà ni wọ́n ń san fún òun lóṣù, NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà, lòun ní. Ó ní owó oṣù àkọ́kọ́ tóun débẹ̀, wọ́n dì í mú, wọ́n ní tóun bá fẹ́ lọ làwọn tó máa fún òun. Tóun bá pẹ́ dé lọ́jọ́ òjò, wọ́n á yọ owó. Tọ́mọ bá fọ́ àga, wọ́n á yọ owó. Oṣù kẹjọ tí wọ́n bá ti fún àwọn ọmọ ní ọlidé gígùn, owó tíṣà náà á gba ọlidé. Ó ní owó POS yìí ń wọlé ju ìyẹn lọ, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo mọ́ òun níwájú àwọn ọmọ kékeré. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló dùn mí jù.

Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí di 70,000 náírà lọ́dún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá ní àwọn á san 80,000 fún òṣìṣẹ́ tàwọn. Mo mọ̀ pé òfin yẹn fi àyè kan sílẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò bá tó 25 kò sí lábẹ́ ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin náà mọ àyè yẹn dáadáa. Ó dáa, ẹ ka tíṣà, ẹ ka àwọn anti tó ń bá ọmọ nọ́sírì pààrọ̀ pátá, ẹ ka dírẹ́bà bọ́ọ̀sì, mẹ́gáàdì, ìyá tó ń gbálẹ̀, akọ̀wé owó. Ilé-ìwé míì tó ní nọ́sírì, praímárì àti sẹ́kọ́ńdìrì pọ̀ mọ́ra máa kọjá 25, ìyẹn dá mi lójú.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ní kíláàsì ọmọ mi, 60,000 náírà là ń san ní táàmù kan, ká má tíì ka ti lẹ́sìn ọ̀sán tó jẹ́ dandan, ká má tíì ka ti bọ́ọ̀sì. Ọmọ 25 ló wà níbẹ̀. Ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀ láti inú yàrá kan. Ẹni tó dúró níwájú wọn láti àárọ̀ dọ́sàn-án, 28,000 lọ́nà oṣù mẹ́rin, 112,000 péré ló kàn án. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìyókù ló wọ àpò yín. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ilé lẹ rẹ́ǹtì, ẹlòmíì nínú yín jẹ báǹkì lówó, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, àtìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023 ni bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti di ẹrù, ojoojúmọ́ náà làwọn tó ń gba owó lórúkọ ìjọba ń wọlé, èyí tó wá torí síńbọ́ọ̀dù, èyí tó wá torí ilẹ̀, èyí tó wá torí ìwé àṣẹ tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, 112,000 nínú mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ojú ríran rí ìyẹn.

Àwa òbí náà sì wà ńbẹ̀. Àwọn kan á jẹ gbèsè táàmù méjì, tó bá di September wọ́n á kó ọmọ lọ sí ilé-ìwé míì, ilé-ìwé tuntun náà ò ní béèrè ìwé ìkúrò níbi tó ti wá, wọ́n ti rí oníbàárà tuntun. Ìwà burúkú ni, òbí tó bá ń ṣe é kó jáwọ́. Àmọ́ ẹ̀yin onílé-ìwé lẹ ń gba ajigbèsè ara yín wọlé. Ẹ ní ẹgbẹ́, ẹ máa ń ṣèpàdé, ẹ lè fẹnu kò lórí ìyẹn ní ìpàdé kan ṣoṣo tó bá wù yín.

Ẹ rántí 2022 nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, dáṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá? Inú yín dùn, ẹ má purọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó jókòó sílé ń wá iṣẹ́ kiri, owó táṣẹ́rẹ́ lẹ fi gbà wọ́n, ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọ wa fẹ́ràn wọn. Ní October, wọ́n wọlé padà sí yunifásítì wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, táàmù ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kíláàsì kan ò ní tíṣà títí wọ́n fi ṣe Kérésìmesì. Ìlú tí yunifásítì LAUTECH wà bíi tiwa yìí, ó rọrùn láti rí ọmọ tó mọ Máàtì tó máa gba owó kékeré, ibẹ̀ ni ìdẹkùn wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ́pà. Kọ́pà á wá, á lo ọdún kan, á lọ. Ẹ lè fi wọ́n kún tíṣà yín, kò burú, àmọ́ ẹ ò lè fi wọ́n ṣe òpó ilé.

Ẹ ò sì lè sọ fún mi pé tíṣà tó kọ́ṣẹ́ ti wọ́n. Ọ̀yọ́ tó wà nísàlẹ̀ wa níbí, St. Andrew's ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tíṣà níbẹ̀ láti 1896, ibẹ̀ ló padà di kọ́lẹ́ẹ̀jì Emmanuel Alayande, tó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ báyìí. Ọdọọdún làwọn ọmọ ń jáde pẹ̀lú NCE. Ìlànà ìjọba náà ní NCE ni ìwé tó kéré jù téèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó ṣe tíṣà, òfin TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, ti 1993 sì ní kí tíṣà forúkọ sílẹ̀ kó gba ìwé àṣẹ bí lọ́yà àti dókítà ṣe ń gbà á. Wọ́n wà. Àwọn kan nínú wọn ló ń ṣe POS, àwọn kan ń ránṣọ, àwọn kan ń ra kajú láti oko tó bá ti di àsìkò ẹ̀. Wọ́n ò sá fún ọmọ kíkọ́, ìwọ̀sí ni wọ́n sá fún.

Bóyá ẹ ó ní ẹ̀yin òbí náà lẹ ò béèrè. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òbí tó bá wá wo ilé-ìwé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wò ni bí wọ́n ṣe kun ògiri, bí yúnífọ́ọ̀mù ṣe rí, àti bóyá ọmọ ọdún mẹ́ta níbẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gba imú. Mi ò tíì rí òbí tó béèrè pé tíṣà tó pẹ́ jù níbí, ọdún mélòó ló ti lò. Ó yẹ ká máa béèrè ẹ̀. Èmi á béèrè ẹ̀ níbi tí mo bá tún mú ọmọ lọ.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà, ẹ jẹ́ kí n fẹnu bà á díẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ fanákúlà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété níbí o, ọmọ Yorùbá láàárín ọmọ Yorùbá. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ kan ní Modákẹ́kẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà praímárì, wọ́n wá wá tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ìjọba àpapọ̀ ti yí ìlànà padà ní 2025 pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń wí ni pé tíṣà ló ṣe é ní Modákẹ́kẹ́, ẹnì kankan ò gba 50 náírà lọ́wọ́ ọmọ.

Ó kan rìsọ́ọ̀tì báyìí. Ní sùkúù tí àkọ́bí mi wà, kò sí ọmọ tó ń gba 50 mọ́. 87, 91, 94, gbogbo wọn. Mo rò pé ọmọ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, àfìgbà tí mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí Mílò fún mi. Mo fi ọgbọ́n bi tíṣà ẹ̀, ó ní wọ́n ti sọ fún àwọn ní ìpàdé pé máàkì tó bá lọ sílẹ̀ máa lé òbí lọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ẹdimásítà. Ẹdimásítà mọ̀ pé ọmọ náà ò tíì yẹ fún JSS1, ó tiẹ̀ kọ ọ́ síbì kan, àmọ́ onílé-ìwé ní kó fò ó láti Primary 5, torí pé yàrá JSS1 tiwọn ò tíì kún. Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó máa ń parí sí, gbogbo wa la mọ̀, ilé ìdánwò WAEC tí wọ́n ti máa ń sanwó àkànṣe. Mi ò ní lọ síbẹ̀ lónìí.

Ìwé náà ńkọ́? Ìwé tọ́mọ ń kọ ìdáhùn sínú ẹ̀, tí àbúrò ẹ̀ ò wá ní lè lò ó mọ́, ilé-ìwé nìkan ni wọ́n ti ń tà á, ọdún tó bá sì tún yípo, èèpo ìwé á yí padà, inú ẹ̀ ò yí padà. Ká má tíì sọ ti graduation. Ọmọ KG 2, ọmọ tí kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní gáùn àti fìlà onígun mẹ́rin, 15,000, fọ́tò lọ́tọ̀, kéèkì lọ́tọ̀, kánópì lọ́tọ̀. Àwọn òbí kan fẹ́ràn ẹ̀ o, mo rí wọn tí wọ́n ń gbé fídíò ẹ̀ sórí Facebook, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n rí gírádù tòótọ́. Èmi ò sọ pé kí wọ́n má jó. Mo kàn ń wo tíṣà tó dúró sẹ́yìn kánópì lọ́jọ́ náà tó ń pín ráìsì, tí wọn ò tíì san owó June fún.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpàdé PTA yín. Tébù gíga wà níwájú, Dádì wà láàárín, Mọ́mì wà lọ́tùn-ún, pásítọ̀ wà lósì, ẹdimásítà wà ní ìdúró, òun ló ń mú máìkì fún wọn. Wọ́n á gbàdúrà gígùn. Wọ́n á sọ iye tí owó fi lé sí i, wọ́n á ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ọwọ́ mẹ́ta á lọ sókè, wọ́n á mú èyí tó fẹ́ dúpẹ́. Alága PTA, ẹ̀yin lẹ yàn án, ọmọ ẹ̀ ò sì ń san owó kíkún, a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ òbí tó wà níjòókòó yẹn, nọ́ọ̀sì wà ńbẹ̀, bíríkìlà wà ńbẹ̀, tíṣà ìjọba pọ̀ ńbẹ̀ bíi yẹ̀pẹ̀, àwọn èèyàn tó lè bá yín gbé ẹrù yìí láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n, ti tíṣà ìjọba yẹn. Ilé-ìwé ìjọba lèmi lọ, ẹ̀yin náà lẹ lọ. Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní praímárì ní January 1955, Bọ́lá Ìgè tó di gómìnà Ọ̀yọ́ ní 1979 ṣe sẹ́kọ́ńdìrì lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó lọ́wọ́ wa lónìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn lẹ fi dèèyàn. A kó ọmọ wá sọ́dọ̀ yín nígbà tí òrùlé ń ṣí, tí ọmọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí tíṣà ń dáṣẹ́ sílẹ̀ torí pé wọn ò rí owó oṣù gbà. Ìdí tá a fi wá nìyẹn. Ní 2019 gómìnà Mákindé fagi lé 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà ní sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba, àtìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn ti kó ọmọ padà. Èrò ṣì pọ̀ jù ní kíláàsì níbẹ̀, mo lọ wò ó, àwọn ọmọ há mọ́ra bíi ti mọ́tò Ìlọrin. Àmọ́ mo rí obìnrin kan tó ń kọ́ Primary 2, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń kọ́ Primary 2. Ó mọ orúkọ ọmọ, ó mọ ìyá ọmọ, ó mọ àbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò tíì kó tèmi kúrò. Àmọ́ tí mo bá ní mi ò rò ó, mo purọ́.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Ẹ kọ lẹ́tà fún ẹdimásítà yín, kí ẹ kọ ohun tó lè ṣe láìbi yín sínú ẹ̀: kó gba tíṣà, kó lé tíṣà, kó mú máàkà, kó yí táìmùtébù padà, kó sọ òótọ́ fún òbí nípa ọmọ ẹ̀ láìwẹ̀yìn wò. Ẹ lè máa yẹ̀ ẹ́ wò níparí táàmù, ẹ̀yin lẹ ni ilé-ìwé, àmọ́ ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Bí tíṣà bá máa lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa lọ́jọ́ náà, ẹ sọ ẹni tó ń bọ̀ àti ìwé ẹ̀rí tó ní, kì í ṣe pé ọmọ ló máa wá sọ fún wa nígbà tá a bá ń jẹun alẹ́. Ẹ san owó August. Ẹ jẹ́ káwọn òbí fúnra wọn yan alága PTA.

Ní ti ibi tí owó tíṣà á ti wá, mo ní àbá kan, mo ti bá àwọn òbí mélòó kan sọ ọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ gbé graduation ọmọ KG kúrò, ẹ gbé ti Primary 3 náà kúrò (ta ní ń ṣe graduation ní Primary 3 na?). Dípò ẹ̀, ẹ fi 5,000 náírà kún owó ilé-ìwé ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sórí bíìlì pé ti tíṣà ni. Ọmọ 25, 125,000 nìyẹn. Ẹ pín in sí oṣù mẹ́rin, 31,250 lóṣù. Ẹni tó ń gba 28,000 á bọ́ sí 59,250 láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan kúrò lápò yín. Kò tíì tó iye tíjọba là kalẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ ẹni báírò pupa yẹn ì bá má lọ. Àwa la máa san án. Ohun tá a fẹ́ gbà padà ni pé níparí táàmù kí ẹ fi hàn wá pé ó dé ọwọ́ wọn, kí tíṣà fúnra ẹ̀ buwọ́ lù ú, kí àwọn òbí méjì tá a bá yàn wò ó.

Mo máa gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé PTA tó ń bọ̀ ní ilé-ìwé méjèèjì tí tèmi wà. Òbí tó bá ka èyí ní ilé-ìwé míì, kó gbé e kalẹ̀ ní tiwọn náà, kó yí iye owó padà sí bí tiwọn ṣe rí. Ẹ̀yin onílé-ìwé, ẹ̀bẹ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ má fi ìpàdé náà sí agogo 10 àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè mọ́, àwa tá à ń ṣọjà ò lè wá. Ọ̀sán Sátidé ló rọ̀ wá lọ́rùn.

Èmi ni,
Òbí ọmọ mẹ́ta, Ògbómọ̀ṣọ́